Ẹ̀dínwó epo láti súpámákẹ́ẹ̀tì: ṣé èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́?

Ìyá Dámilọ́lá, Houston

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ kan ti ń di àríyànjiyàn nínú ilé mi láti ọjọ́ mẹ́ta, mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbà mí nímọ̀ràn.

Ọkọ̀ méjì la ní. Sienna ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, táǹkì rẹ̀ ń gba gálọ́ọ̀nù 20. Camry ni bàbá wọn ń wà lọ síbi iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ALDI àti Walmart ni mo ti ń ra oúnjẹ òyìnbó. Àdúgbò Bissonnet ni mo ti ń ra iṣu, èlùbọ́, ẹ̀fọ́ àti ẹja gbígbẹ. Nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, mo kó gbogbo ọjà òyìnbó mi lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan nítòsí ilé wa, nítorí epo. Téèyàn bá ná dọ́là kan, póìǹtì kan. Bí póìǹtì bá pé 100, wọ́n á yọ sẹ́ǹtì mẹ́wàá kúrò lórí gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ilé epo wọn.

Inú mi dùn sí i gan-an. Bí mo bá ti tẹ nọ́ńbà fóònù mi sí ẹ̀rọ epo, tí iye owó já wálẹ̀ lójú mi, ara mi á yá gágá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ mi kó gbogbo rìsíìtì jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì. $180 ni mò ń ná lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti di $205. Ó ní, "Dọ́là 25 lọ́sẹ̀, 100 lóṣù. Èló lo rí gbà lórí epo?" Mo ṣírò ti oṣù tó kọjá: póìǹtì 800, ìyẹn sẹ́ǹtì 80 lórí gálọ́ọ̀nù kan, gálọ́ọ̀nù 15 ni mo rà. Dọ́là 12. Mi ò lè fọhùn.

Síbẹ̀, kò tíì dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan ti wọ́n níbi gbogbo, àwọn ọmọ sì ń dàgbà, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ lésìí kọ́ ni wọ́n ń jẹ báyìí. Àwa fúnra wa náà tún fi ẹ̀dínwó ṣòfò. Oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, póìǹtì 300 kú mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí mi ò mọ̀ pé ó lọ́jọ́ tí yóò parí. Nígbà tó yá, ọkọ mi lo póìǹtì 700 sórí Camry tí epo rẹ̀ ò tíì lọ ju ìdajì lọ, gálọ́ọ̀nù mẹ́fà péré ló wọ̀ ọ́. $4.20. Bó bá jẹ́ Sienna ni, ì bá lé ní $10. Mo bínú lọ́jọ́ yẹn, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa bá a lọ, àbí kí n padà síbi tí mo ti ń rajà? Owó tí mo bá rí fi pamọ́, ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń fi í ránṣẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

Ẹ̀gbọ́n Aṣírò, Dallas

Ìyá Dámilọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìṣirò wọ̀ ọ́.

Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn, bí súpámákẹ́ẹ̀tì Kroger ṣe ń ṣe é náà nìyẹn: dọ́là kan, póìǹtì kan, póìǹtì 100, sẹ́ǹtì 10, ó lè tó póìǹtì 1,000, ìyẹn dọ́là kan odidi lórí gálọ́ọ̀nù kan. Gálọ́ọ̀nù 35 ni wọ́n fi mọ fún ẹ̀ẹ̀kan tí èèyàn bá ra epo. Póìǹtì oṣù yìí sì máa ń parí ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni pé iye tí póìǹtì yín tó, ọwọ́ táǹkì yín ló wà. Ẹ ná $100, ẹ gba sẹ́ǹtì 10. Bí ẹ bá fi ra gálọ́ọ̀nù mẹ́fà, sẹ́ǹtì 60 lẹ jèrè lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là. Bí ẹ bá ra gálọ́ọ̀nù 15, $1.50. Ẹni tó bá lè ra 35 yóò rí $3.50. Ó tán.

Nítorí náà, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra gálọ́ọ̀nù 15, bí ọjà ọgọ́rùn-ún dọ́là níbẹ̀ bá fi dọ́là méjì péré wọ́n ju ti ALDI lọ, èrè epo ti wọlé lọ, ẹ sì tún ti fi owó lé e. Káàdì báńkì tó ń dá dọ́là méjì padà lórí ọgọ́rùn-ún ju póìǹtì yẹn lọ fún yín, kò sì sí pé ó máa kú lópin oṣù, bí ẹ bá ṣáà ti ń san gbèsè rẹ̀ tán lóṣooṣù.

Ẹ mú rìsíìtì tuntun kan. Ẹ yan nǹkan bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ́ ẹ máa ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: mílíìkì, ẹyin, búrẹ́dì, ìrẹsì, adìyẹ, òróró. Ẹ lọ wo iye wọn níbi tẹ́ ẹ ti ń rà tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe paali. Ẹ wá padà sọ fún wa.

Bàbá Ìbejì, Katy

Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò yín tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ má lé gbogbo èèyàn kúrò níbẹ̀ o. Ọkọ̀ akẹ́rù F-150 ni mò ń wà, táǹkì rẹ̀ ń gba gálọ́ọ̀nù 36. Iṣẹ́ mi ń gbé mi lọ sí Beaumont lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìyàwó mi ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó, ìdí nìyí tí àlùbọ́sà, tàtàṣé àti adìyẹ tí a ń rà fi pọ̀. Ibẹ̀ la ti ń rà wọ́n kí ọ̀rọ̀ póìǹtì tó dé. Póìǹtì 1,000 kò nira fún wa lóṣù kan. Gálọ́ọ̀nù 30 ní dọ́là kan dín, $30 nìyẹn, mo sì ti rí i gbà lọ́pọ̀ ìgbà.

Nǹkan mìíràn tún wà. Gift card, ìyẹn káàdì tí owó ti wà nínú rẹ̀ láti fi rajà ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, tí wọ́n ń tà níbẹ̀ máa ń mú póìǹtì méjì wá lórí dọ́là kan, ìgbà mìíràn sì wà tí wọ́n á ní mẹ́rin. Nígbà tí mo fẹ́ tún òrùlé ẹ̀yìn ilé ṣe, mo ti mọ̀ pé $250 ni pákó àti ìṣó máa gbà. Mo dúró de ọjọ́ tí wọ́n ń fún èèyàn ní póìǹtì mẹ́rin lórí dọ́là kan yẹn, mo ra káàdì ṣọ́ọ̀bù tí mo ti máa ra pákó: póìǹtì 1,000 lẹ́ẹ̀kan. Owó tí mo ti pinnu láti ná tẹ́lẹ̀ ni o. Ẹni tó bá ra káàdì tí kò nílò, tó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, owó ló jù síbẹ̀.

Ẹ yẹ ìdí paali káàdì náà wò dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn olè máa ń ha ojú nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n á tún lẹ ẹ́ padà. Bí ẹ bá ti sanwó sí i báyìí, wọ́n á gbá a lọ.

Ìyá Olóúnjẹ

Mo fẹ́ gbèjà Ìyá Dámilọ́lá díẹ̀. Ẹni tó ń bọ́ ọmọ mẹ́rin ló mọ bí owó ọjà ṣe ń rìn. Kí bàbá wọn má fi gbogbo dọ́là 25 náà lé póìǹtì lórí. Kí wọ́n jọ jókòó wo rìsíìtì, kí wọ́n ya ohun tó gbówó lórí sọ́tọ̀, kí wọ́n ya ohun tí wọn ò kì í rà tẹ́lẹ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni.

Ọmọ Ìbàdàn, Peckham

Àwa tó wà nílùú ọba náà ti rí irú ẹ̀. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìwé ẹ̀dínwó a máa jáde mọ́ rìsíìtì: ná £60, kí wọ́n yọ pence 10 lórí lítà. Mo rántí ọjọ́ tí ọjà mi jẹ́ £51, tí mo padà sẹ́yìn lọ mú nǹkan £9 tí kò sẹ́ni tó rán mi, kí n lè gba ìwé náà. Lítà 40 ni mo rà. £4 ni mo gbà padà. Mo fi £9 ra £4, inú mi sì ń dùn títí mo fi délé.

Epo súpámákẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń pọ́ọ́kú jù ní Bìrìtìkó, ìyẹn ò yí padà. Ṣùgbọ́n ní 2023, CMA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdíje láàárín oníṣòwò, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde pé èrè tí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ń jẹ lórí lítà kan ti fi pence 6 ga sí i láàárín 2019 sí 2022. Ẹ wò ó: èèyàn lè máa yọ̀ sí pence márùn-ún tí wọ́n yọ fún un, kó má mọ̀ pé iye tí wọ́n ti ń yọ ọ́ ti lọ sókè. Látìgbà náà, iye tó wà lára pátákó ilé epo ni mò ń wò kí n tó wo ìwé ẹ̀dínwó èyíkéyìí.

Sísí Nọ́ọ̀sì, Pearland

Ẹnìkan máa tó sọ Costco àti Walmart+, àwọn tí èèyàn ń sanwó ọdọọdún fún kó tó jẹ àǹfààní wọn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Walmart+ ń gba $98 lọ́dún, ó ń yọ sẹ́ǹtì 10 lórí gálọ́ọ̀nù ní ilé epo Walmart, Murphy, Exxon àti Mobil. Ẹ gbọ́dọ̀ ra gálọ́ọ̀nù 980 kí owó yẹn tó padà tán. Ẹni tó ń ra 12 lọ́sẹ̀ ò lè débẹ̀ lọ́dún kan. Àfi tó bá tún ń jẹ àǹfààní gbígbé ọjà wálé rẹ̀. Costco ń gba $65, epo wọn sì dára lówó, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe jìn sí yín tó? Sienna tó ń rin máìlì 20 lórí gálọ́ọ̀nù kan, bí ibẹ̀ bá jẹ́ máìlì mẹ́wàá sílé, àlọ àti àbọ̀ ti jó gálọ́ọ̀nù kan odidi. Bó bá wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Mẹkáníìkì Alief

Mo ka gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan péré ló bà mí lẹ́rù: kí Ìyá Dámilọ́lá má lọ máa jẹ́ kí táǹkì gbẹ nítorí kí gálọ́ọ̀nù lè pọ̀. Inú táǹkì ni pọ́ǹpù epo wà, epo tó wà níbẹ̀ ló ń tù ú lára. Ẹni tó bá ń jẹ́ kí iná tó ń kìlọ̀ pé epo fẹ́ tán máa tàn lójoojúmọ́, pọ́ǹpù yẹn á jó lọ́jọ́ kan, owó tí ẹ máa fi pààrọ̀ rẹ̀ sì máa gbé ẹ̀dínwó ọdún púpọ̀ lọ. Bó bá ti dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ rà á.

Ẹ̀dínwó gidi wà nínú bí ẹ ṣe ń wakọ̀. Epo onínọ́ńbà 87, tí wọ́n ń pè ní regular, ni Toyota ní kí ẹ rà sínú Sienna. Mo rí àwọn tó ń ra èyí tó wọ́n jù, kò fi nǹkan kan ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn lóore. Ẹ wọn atẹ́gùn táyà lóṣooṣù. Tí èèyàn bá ti kọjá máìlì 50 ní wákàtí kan, bó ṣe ń yá sí i ni epo ń lọ sí i, àwa ará Houston sì mọ bí a ṣe ń sáré lórí òpópónà I-10. Ìlà ọkọ̀ níwájú iléèwé ńkọ́? Ẹ ń dé síbẹ̀ ní ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́. Ẹ pẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ìyá Dámilọ́lá, Houston

Ẹ ṣeun gan-an. Ogójì ìṣẹ́jú gan-an ni mò ń lò níbẹ̀, bí ẹni pé Mẹkáníìkì ń wò mí.

Èmi àti bàbá wọn jókòó lálẹ́ àná. A yan nǹkan 16 nínú rìsíìtì, mo sì ti yà lọ sí ALDI láàárọ̀. Nǹkan kan náà, ìwọ̀n kan náà: $9.35 ni ti súpámákẹ́ẹ̀tì fi ju tibẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo o. Ìyẹn nìkan ti ju èrè epo ọ̀sẹ̀ kan lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn nǹkan tó kù nínú dọ́là 25 yẹn, èmi ni mo fà á: yọ́gọ́ọ̀tì tí wọ́n ní ká ra márùn-ún kí póìǹtì lè pọ̀ sí i, sìríà mẹ́ta tí àwọn ọmọ ò fẹ́. Mo ti da méjì nínú yọ́gọ́ọ̀tì náà nù. Ìyá Olóúnjẹ, owó oúnjẹ àwọn ọmọ kò tó nǹkan nínú rẹ̀; mo ti kọ́kọ́ rò pé òun ló pọ̀ jù.

Mo ti bẹ ọkọ mi nítorí ohun tí mo sọ nípa Camry.

Ẹ̀gbọ́n Aṣírò, Dallas

Ẹ ṣeun tí ẹ padà wá sọ. Ẹ má ya káàdì náà dànù. Ohun tí wọ́n bá gbé lé orí ẹ̀dínwó lóòótọ́ níbẹ̀, tó fi pọ́ọ́kú ju ALDI, ẹ lọ rà á. Póìǹtì tó bá tẹ̀ lé e, ẹ gbà á. Ẹ máà jẹ́ kí póìǹtì ló máa rán yín níṣẹ́.

Bàbá Ìbejì, Katy

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ìyá Dámilọ́lá, Houston

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Póìǹtì 410 ló ṣẹ́ kù, yóò parí lópin oṣù yìí. Sienna ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdá kan nínú mẹ́rin, gálọ́ọ̀nù 15 máa wọ̀ ọ́ lọ́la. Dọ́là mẹ́fà nìyẹn. Bàbá Dámilọ́lá ló ní òun fúnra òun máa wà á lọ síbẹ̀.