Ìpara òrí àti àádùn tí kò ní tètè bàjẹ́

Alákẹ́, Ìbàdàn
Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o. Mo fẹ́ máa fi ọwọ́ ara mi ṣe ìpara tí àwọn ọmọ mi yóò máa lò nínú ọyẹ́ yìí, kí n sì máa ṣe àádùn tí wọn yóò máa gbé lọ sí ilé-ìwé dípò bisikíìtì. Òrí, àdí àgbọn àti omi ewé ahọ́n erin ni mo ń pò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí yóò fi dì ní kókó kéékèèké bí iyanrìn, tí ojú rẹ̀ yóò sì bu funfun. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ kó pọ̀ yẹn. Kókó inú òrí kì í ṣe ìbàjẹ́: oríṣiríṣi ọ̀rá ló wà nínú òrí, bí ó bá sì ń tutù díẹ̀díẹ̀, èyí tó máa ń tètè dì nínú wọn á ti ṣù jọ kí ìyókù tó dì. Ẹ gbé abọ́ òrí sínú omi gbígbóná, kì í ṣe sórí iná gan-an, kí ó yọ́ pátápátá. Ẹ da àdí àgbọn sí i, kí ẹ wá gbé e sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó títí yóò fi dì. Nígbà ooru, ẹ dín àdí àgbọn kù, nítorí kò ju nǹkan bí 24°C lọ tó fi ń yọ́.

Bíbu yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù. Omi ewé ló fà á, torí pé òrí àti àdí tí omi kò kàn kì í bu. Bí ẹ bá fẹ́ ahọ́n erin, ẹ gé e ní tútù kí ẹ fi para, kí ẹ wá fi òrí lé e.

Ọmọ Ṣakí
Òótọ́ ni Ìyá sọ. Ẹ má sì ṣe gbà fún àwọn tó ń ní kí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìpara, nítorí bí oòrùn bá pa ara tí omi ọsàn yìí wà, ó lè lé ròrò, kí ó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Alásè
Ti àádùn kò le. Ẹ yan àgbàdo gbígbẹ lórí iná tí kò le títí yóò fi pọ́n, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ fi iyọ̀ àti ata gígún díẹ̀ sí i, kí ẹ máa ta epo pupa sí i títí yóò fi dì mọ́ra bí ẹ bá fi ọwọ́ fún un. Epo yìí ní ohun tí ara fi ń ṣe fítámìn A, nítorí náà ẹ má jó o. Omi kò gbọdọ̀ kàn án, inú agolo gbígbẹ ni kí ó sì wà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ fara balẹ̀ ṣa àgbàdo tó ti bu dànù kí ẹ tó yan án, torí pé májèlé inú àgbàdo bíbu kì í bá iná lọ tán.