Iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú pákó àlòkù: kí ni kí n kọ́kọ́ mójú tó?

Ọmọ-Iṣẹ́-Igi:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù kékeré sílẹ̀, kí n máa kan àpótí ìjókòó àti tábìlì kékeré. Pákó ilé tí wọ́n wó, pákó páléètì (pẹpẹ igi tí wọ́n ń to ẹrù lé) àti igi tí ìjì bá bì ṣubú ni mo fẹ́ máa lò. Irinṣẹ́ wo ni kí n kọ́kọ́ rà? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé pákó ti gbẹ tó?

Ayùn-Mímú:
Ìṣó ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà. Ẹyọ kan tó bá ṣẹ́ kù sínú pákó ti tó láti ba ẹnu ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìfági jẹ́, gbogbo pákó tí ẹ bá sì fá lẹ́yìn náà ló máa ní ìlà lára. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, kí ẹ wá fi òòfà tó lágbára wọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì àti etí rẹ̀. Níbi tí àmì dúdú roboto bá wà, ẹ fura: irin tó ti dípẹtà ló sábà ń sọ igi di dúdú bẹ́ẹ̀.

Ti páléètì, ẹ má fi irin fà á tipátipá, orí pákó á là. Ẹ ki ayùn irin bọ àárín pákó àti igi ìsàlẹ̀, kí ẹ gé ìṣó náà. Èyí tí wọ́n lu òǹtẹ̀ HT sí lára, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. Èyí tó bá ní MB, kẹ́míkà ni. Ẹ fi í sílẹ̀.

Irinṣẹ́: ayùn ọwọ́, ìfági, sikúwíà tí a fi ń wo igun, sísẹ́ẹ̀lì 12 mm àti 25 mm, kílám̀pù mẹ́rin ó kéré tán láti fi di pákó mú. Ẹ̀rọ ńlá ṣì lè dúró.

Gẹdú-Gbígbẹ:
Igi tí ìjì bì ṣubú kì í ṣe ẹgbẹ́ pákó ilé o, omi ṣì kún inú rẹ̀. Ẹ tètè là á, kí ẹ sì kun orí rẹ̀ méjèèjì ní ọ̀dà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń yára jáde jù, ibẹ̀ náà ló sì ti ń sán. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ 25 mm ni kí ẹ fi sáàárín pákó kan sí èkejì, ní 40 sí 50 cm síra wọn. Kí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà lórí ara wọn gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí wọ́n bá yẹ̀, pákó á tẹ̀. Pákó 25 mm lè gbà tó ọdún kan.

Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ tó, ẹ gé ẹ̀là kékeré láti àárín pákó, kì í ṣe láti orí rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ gbé e sínú ààrò ní 103°C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí mọ́. Bí 120 g bá di 100 g, omi rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n gbígbẹ rẹ̀. Ìyẹn ṣì tutù jù. Iṣẹ́ inú ilé sábà ń fẹ́ 8 sí 12. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti rin, ó lè jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀.

Ọmọ-Iṣẹ́-Igi:
Ẹ ṣeun gan-an. Èyí tó ní ihò kòkòrò ńkọ́?

Ayùn-Mímú:
Ihò nìkan kì í ṣe ẹjọ́. Ẹ gbọn ọ́n dáadáa, kí ẹ gbé e lé bébà funfun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ìyẹ̀fun tuntun bá dà sílẹ̀, kòkòrò ṣì wà láàyè, fáníṣì kò sì ní pa á. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ pákó yòókù.

Gẹdú-Gbígbẹ:
Ẹ má gba igi abẹ́ ojú irin tó ń rùn. Pákó tó ní ọ̀dà àtijọ́, ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á. Òjé lè wà nínú ọ̀dà náà. Tí ẹ bá sì fẹ́ dá iye lé ọjà, wákàtí tí ẹ fi yọ ìṣó wà lára owó iṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni èrè ń gbà sá lọ.