Ibi iṣẹ́ tí wọn ò ti ka èèyàn sí: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì, Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé ìwé aládàáni kan ní Kàbà níbí. "Akọ̀wé" ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí. Akọ̀wé yìí kan náà ló ń gba owó ilé ìwé, òun ló ń kọ risíìtì, òun ló ń forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún WAEC àti NECO, òun ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀, òun náà ló ń bẹ àwọn òbí tó jẹ gbèsè. Bí olùkọ́ kan kò bá wá, èmi ni n ó wọ kíláàsì kí àwọn ọmọ má baà da ilé rú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọjọ́ kan wà tí mo gbẹ̀bí ewúrẹ́ ọ̀gá wa lẹ́yìn ọ́fíìsì. Owó oṣù mi, ₦38,000.

Kì í ṣe owó yẹn gan-an ló kọ́kọ́ dùn mí. Oṣù kẹsàn-án 2024 ni wọ́n gba ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ọmọ dáadáa ni, èmi àti ẹ̀ ò jà rí. Wọ́n ní òun ni Administrative Officer, wọ́n ní kí n fi iṣẹ́ hàn án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi fi hàn án. Nígbà tí oṣù parí, tí mò ń tẹ ìwé owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ (èmi náà ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́), mo kan orúkọ rẹ̀: ₦65,000. Orúkọ tèmi ló tẹ̀ lé e. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo gbé e wọlé fún ọ̀gá kó buwọ́ lù ú. Mo délé, oúnjẹ ò lọ. Bàbá Ìbejì ní ṣé ibà ló ń ṣe mí ni.

Ọdún yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, tí ìpínlẹ̀ Kogí sì ní òun yóò san ₦72,500. Mo kó ara mi jọ, mo lọ bá ọ̀gá. Ó gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òfin yẹn kò kan òun, pé ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 kò sí lábẹ́ rẹ̀. Àwa 19 la wà níbẹ̀. Mo ṣèwádìí, òótọ́ ló sọ. Àmọ́ bàbá kan ní àdúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló wá bi mí pé pẹ́ńṣàn mi ńkọ́? Mo ní pẹ́ńṣàn wo? Ó ní ibi iṣẹ́ aládàáni tó bá ti ní èèyàn 15, òfin 2014 ní kí wọ́n máa san án: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ ọ̀gá, ìdá mẹ́jọ láti ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ gbọ́ ná! Ọ̀gá mọ iye òṣìṣẹ́ tó yọ òun kúrò nínú òfin kan, kò fẹ́ mọ iye tó kó òun sínú èkejì. Ọdún mẹ́sàn-án, kọ́bọ̀ kan kò wọ ibì kankan lórúkọ mi.

Mo fẹ́ kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá Ìbejì ló dá mi dúró. Ó ní ṣé ọmọ méjì ni yóò jẹ ìbínú mi láàárọ̀? Ẹ wo o, inú tún bí mi sí òun náà.

Ohun tí mo wá ṣe nìyí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí. Mo ra ìwé ẹ̀kọ́ kan, elójú ewé 60. Gbogbo ohun tí mo bá ṣe lójúmọ́, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, tòun ti àkókò. Mo ṣe é fún odindi oṣù kan. Kì í ṣe torí CV ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ o, mo fẹ́ gbé e lọ síwájú ọ̀gá ni. Nígbà tí mo kà á tán, èmi gan-an ni ẹnu yà. Mo ti forúkọ ọmọ 212 sílẹ̀ fún ìdánwò láàárín ọdún mẹ́sàn-án, kò sì sí àṣìṣe nínú orúkọ kankan. Owó tó ń gba ọwọ́ mi kọjá ní táàmù kan ju ohun tí mo rò lọ fíìfíì. CV tí mo ní tẹ́lẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ni "tẹ lẹ́tà, dáhùn fóònù." Ṣé ẹ rí i? Ọ̀gá kò mọ ohun tí mò ń ṣe, èmi náà tí mò ń ṣe é kò mọ̀ ọ́n.

Íntáfíù àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Lọ́kọ́jà ni. Mo wọ mọ́tò láago márùn-ún ìdájí, a gba Ọbájáná. Wọ́n bi mí pé kí nìdí tí mo fi fẹ́ fi ibi tí mo wà sílẹ̀. Háà! Mo tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ fún wọn, ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn, ọ̀rọ̀ ₦65,000, díẹ̀ ló kù kí n sunkún. Mo rí i lójú wọn pé ó ti bàjẹ́. Wọ́n wá ṣí Excel síwájú mi, wọ́n ní kí n ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́ mẹ́wàá pẹ̀lú àwọn ohun tí wọ́n máa ń yọ. Kakulétọ̀ ni mo fà yọ nínú báàgì. Obìnrin tó jókòó láàárín sọ pé, "Màmá, ẹ ṣeun, a máa pè yín." Títí di òní, fóònù ò dún.

Nígbà tí mo padà, mo wá ọmọ àgùnbánirọ̀ kan tó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ọjà. Mò ń fún un ní iṣu àti garí, ó ń kọ́ mi ní Excel lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù mẹ́rin. Ọmọ yẹn kì í ní sùúrù, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí kajú ọdún tó tẹ̀ lé e ń bọ̀ lọ́nà, ilé iṣẹ́ kan tó ń ra kajú jọ ń wá ẹni tí yóò máa mójú tó ọ́fíìsì àti ìwé wọn. Àwọn wọ̀nyí kò bi mí ní ohun púpọ̀. Wọ́n da wébíìlì (ìwé ẹrù inú mọ́tò) àti risíìtì sórí tábìlì, ó tó àpò kan, gbogbo rẹ̀ dàrú, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn mọ iye àpò tó wọlé àti iye owó tó jáde, wákàtí méjì ni wọ́n fún mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń to risíìtì àwọn òbí tó ń san ẹgbẹ̀rún méjì-méjì! Kí wákàtí kan àti ààbọ̀ tó pé, mo ti bá wọn rí mọ́tò kan tí wọ́n sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n wá bi mí ìdí tí mo fi fẹ́ kúrò níbi tí mo wà, mo ní, "Mo ti kọ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ láti kọ́." Mo dákẹ́. Wọ́n ní ₦110,000.

Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ ní oṣù kan ni kí n fi sọ tẹ́lẹ̀ bí mo bá ń lọ, oṣù kan náà ni mo fún wọn. Ọ̀gá ka lẹ́tà mi lórí ìdúró. Ó ní òun yóò sọ ọ́ di ₦80,000 láti oṣù yẹn, pé kí n fà á ya. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sunkún, ẹ̀yìn ilé ni mo lọ sun ún sí. Nítorí pé owó yẹn ti wà níbẹ̀ látijọ́.

Ọmọ Ìsánlú

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀ torí iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, kò sẹ́ni tó ń dédé fi í sílẹ̀.

Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 6 ni mo fi ND wọlé. Láti ibẹ̀, ọdún méjì ló yẹ kéèyàn fi retí ìgbéga, bó bá dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì 7 sí 14, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Èmi wà lójú kan fún ọdún márùn-ún. Mò ń sọ fún gbogbo ayé pé wọ́n kórìíra mi nítorí ẹ̀yà, nítorí ìlú tí mo ti wá. Ọjọ́ tí mo rí fáìlì mi ni ojú tì mí. Fọ́ọ̀mù APER, èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ òṣìṣẹ́, tó yẹ kí n máa kọ lọ́dọọdún, ti ọdún méjì kò sí níbẹ̀ rárá. Nínú àwọn tó wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ iṣẹ́ tí mo ṣe, "as assigned by my boss" ni mo kọ síbẹ̀, ọdọọdún. Ta ni yóò fi ìyẹn gbé èèyàn ga?

Ìwé elójú ewé 60 tí ẹ sọ yẹn, ó wọ̀ mí lára. Mo ti wá gba ìyọ̀ǹda báyìí láti lọ ṣe HND, torí pé lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8 ni HND máa ń wọ̀. Ìyọ̀ǹda ni mo sọ o. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì wa lọ ṣe tirẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, ìwé-ẹ̀rí yẹn ṣì wà nínú àpótí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn ò lò ó fún un.

Àǹtí Mọ̀pà

Kí ẹ má baà rò pé gbogbo ìrìn ló ń yọrí sí kajú, ẹ jẹ́ kí n bà yín nínú jẹ́ díẹ̀.

Èmi náà rò pé wọn ò kà mí sí. Mo fi iṣẹ́ ọ́fíìsì ₦60,000 sílẹ̀, mo gba Àbújá lọ fún ₦150,000. Oyè mi gùn tó ìlà méjì lórí káàdì. Màràrábá, létí Àbújá, ni mo rí yàrá gbà, ọ̀nà Nyanya tí mọ́tò máa ń há sì ni mò ń gbà lójoojúmọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní kí n ṣàlàyé. Mọ́tò ń jẹ nǹkan bíi ₦3,000 lójúmọ́. Ọ̀gá mi tuntun a máa pè mí láago mọ́kànlá òru pé ibo ni mo fi fáìlì kan sí. Mo ṣe é fún oṣù mọ́kànlá, ohun tí mo fi pamọ́ nínú rẹ̀ kò tó ohun tí mò ń fi pamọ́ nínú ₦60,000 nílé.

Mo ti padà sí Mọ̀pà. Mò ń bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan kọ ìwé wọn ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, mo fi ìyókù ṣe garí. Wọn ò fún mi ní oyè kankan. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá wá lọ́jọ́ kan, wọn kì í lè ṣe ìpàdé. Ìyá Ìbejì, inú mi dùn sí tiyín o, àmọ́ ẹ ò bá ti sọ fún wọn pé kí wọ́n fi bébà ṣírò gbogbo ẹ̀ kí wọ́n tó gbéra.

Ará Ìyàrà

Kúkúrú ni tèmi. Mo gba iṣẹ́ tán, wọ́n ní kí n mú oníduùró méjì wá, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 12 sókè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wá èkejì. Ìgbà tí mo rí i, wọ́n ti fi ẹlòmíì sípò. Ẹ ti wá oníduùró yín sílẹ̀ kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan.

Ìyá Ìbejì, Kàbà

Àǹtí Mọ̀pà, òótọ́ lẹ sọ. Ká ní ti Lọ́kọ́jà yẹn bọ́ sí i, mi ò mọ ibi tí n bá rí owó yàrá àti owó mọ́tò, mi ò tiẹ̀ ṣírò rẹ̀ rárá nígbà yẹn, ìbínú ló ń wà mí. Ní ti kajú, mo kọ́kọ́ béèrè iye tí yóò wọ ọwọ́ mi gan-an. ₦8,800 ni wọ́n ń yọ fún pẹ́ńṣàn mi lóṣù, wọ́n ń fi ₦11,000 tiwọn lé e. Mo ti ní nọ́ńbà pẹ́ńṣàn tèmi, ibikíbi tí mo bá lọ ló ń bá mi lọ. Iṣẹ́ náà ní ìnira tirẹ̀ o. Láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, a kì í mọ ọjọ́ Sátidé yàtọ̀, eruku kajú sì ti fẹ́ di ara aṣọ mi.

Ará Ìyàrà, pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀kan nínú àwọn òbí tí mo máa ń bẹ̀ nítorí owó ilé ìwé ló dúró fún mi. Ó ní ẹni tó lè fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ gba gbèsè lọ́wọ́ òun, òun mọ̀ pé kò ní jalè.

Ọmọkùnrin yẹn pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò rí fáìlì tí ìforúkọsílẹ̀ WAEC ọdún tó kọjá wà. Mo sọ fún un pé kó ṣí dúrọ́ọ̀ kejì, kó wo abẹ́ ìwé risíìtì àtijọ́. Mo gbọ́ tó ń tú nǹkan. Ó ní òun ti rí i, ó dúpẹ́, kò sì gé fóònù. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n ṣì ń gba èèyàn níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní kó lọ ra ìwé ẹ̀kọ́ kan.