Fóònù olójú ńlá tó ní kálàmù: ṣé ó tó owó rẹ̀, àbí ẹrù lásán ni?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ fóònù. Mo fẹ́ pààrọ̀ tèmi, ojú mi sì wà lára Samsung tó ní S Pen nínú, ìyẹn kálàmù tí wọ́n fi ń kọ̀wé lójú fóònù. Ohun tí mo fẹ́ máa fi ṣe kò pọ̀: kíkọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, fífọwọ́ sí PDF láìtẹ̀ ẹ́ sórí pépà, àti yíya sítáì aṣọ fún ìyàwó mi tó ń ránṣọ. Tòkunbọ̀ ni agbára mi ká. Note 20 Ultra, S22 Ultra àti S23 Ultra ni mo ń wò. Ẹnìkan ní kí n kúkú ra Infinix Note tuntun, pé Note kan náà ni gbogbo wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni mo máa jẹ nínú rẹ̀, kí ni yóò sú mi, kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Atúnṣe Ìkẹjà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ "Note" yẹn. Orúkọ lásán ni lára fóònù púpọ̀. Redmi Note kò ní kálàmù. Infinix Note 30 àti 40 kò ní. Òótọ́ ni pé Infinix fi kálàmù tirẹ̀, X Pen, sínú Note 4 Pro ní 2017 àti Note 5 Stylus ní 2018, ṣùgbọ́n ìyẹn ti pẹ́. Samsung fúnra rẹ̀ pa orúkọ Note tì lẹ́yìn Note 20 ti 2020, ó wá kó kálàmù náà lọ sínú S22 Ultra ní 2022. S21 Ultra tó wà láàrin wọn gba S Pen, àmọ́ kò ní ihò tí ẹ lè kì í bọ̀. Ẹ ó rà á lọ́tọ̀, ẹ ó sì máa wá a kiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Iṣẹ́ tí S Pen ń ṣe kò jọ ti kálàmù olórí rọ́bà tí wọ́n ń tà lójú títì. Ti olórí rọ́bà, bí ìka ni fóònù ṣe rí i, kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. S Pen ní tirẹ̀, kò nílò bátìrì kankan láti kọ̀wé. Abẹ́ ojú fóònù ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí a ń pè ní digitizer. Òun ló ń fún kálàmù lágbára, wáyà tí wọ́n ká sínú kálàmù á dá a lóhùn, fóònù á sì mọ ibi tó wà kódà kó tó kan gíláàsì, bí ó bá ku nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ẹ ṣe ń ṣe lórí pépà: bó bá ti gbóòórùn kálàmù báyìí, kì í ka ọwọ́ yín sí mọ́. Ìpele 4096 ló fi ń mọ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó, ìlà á nípọn, á tín-ín-rín, bó ṣe yẹ.

Pátákó yẹn náà ni wàhálà tòkunbọ̀. Fóònù tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ojú rẹ̀ sí ojú ayédèrú, ìka yín á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ geerege, kálàmù ò sì ní kọ ohunkóhun, torí pé wọn kò fi pátákó náà sí i, tàbí okùn pẹlẹbẹ rẹ̀ já nígbà tí wọ́n ń tú u. Ẹni tó ń tà á á gbé fóònù sókè, á fi kámẹ́rà hàn yín, á sún fọ́tò mọ́ra kí ẹ lè rí i, kò ní fa kálàmù yọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ fà á yọ.

Ẹ ṣí ibi tí ẹ ti ń pe ènìyàn, kí ẹ tẹ *#0*#. Àwọn àpótí kéékèèké á jáde, ẹ tẹ èyí tí wọ́n kọ S Pen sí. Ẹ fa ìlà láti igun kan lọ sí igun kejì, ẹ tún fà á gba òdìkejì, lẹ́yìn náà kí ẹ yí gbogbo etí rẹ̀ po láìgbé kálàmù sókè. Ibi tí ìlà bá ti já tàbí tó wọ́ bí ejò, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìbéèrè. Àwọn fóònù kan tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì Amẹ́ríkà tà kì í ṣí ojú ìwé yìí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí Samsung Notes kí ẹ fi kálàmù kun gbogbo ojú ìwé náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ní ó ti bàjẹ́, ẹ bọ́ páùsì rẹ̀. Páùsì tó ń pa dé bí ìwé, àti èyí tó ní òrùka òòfà lẹ́yìn, máa ń da pátákó yẹn rú. Ibì kan ṣoṣo ni kálàmù kì í ti í kọ, bẹ́ẹ̀ ẹ bá bọ́ páùsì kúrò, á kọ. Mélòó nínú fóònù tí wọ́n gbé wá fún "àtúnṣe kálàmù" ni kò nílò ju ìyẹn lọ!

Lẹ́yìn kálàmù: ẹ ṣí fọ́tò funfun kan, kí ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè dé òpin, kí ẹ wò ó bóyá òjìji bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ti wọ inú rẹ̀ tàbí ìlà aláwọ̀ ewé tàbí pupa kan ti là á kọjá. Ìlà yẹn, ojú tuntun ni oògùn rẹ̀, ojú tuntun tojúlówó fún Ultra sì lè gbé apá ńlá nínú owó tí ẹ fi ra fóònù. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó tà á pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kí ó so ó mọ́ Wi-Fi, kí ó sì tò ó dé ìparí. Fóònù tí ẹlòmíì ṣì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lókè òkun, ìgbà tó bá fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń tì pa.

Kò Pọn Dandan

Gbogbo ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ dára, àmọ́ ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ apá kejì. Bí kì í bá ṣe ojoojúmọ́ ni ẹ ó máa kọ̀wé, ẹ má rà á.

S22 Ultra àti S23 Ultra, ìkọ̀ọ̀kan wọn wúwo ju 225 gíráàmù lọ, páùsì kò tíì wọ̀ ọ́. Ẹ fi sínú àpò àyà bùbá, kí ẹ tẹ̀ síwájú láti bọ àgbà lọ́wọ́, ẹ ó rí i bí ọrùn bùbá ṣe máa tẹ̀lé e sílẹ̀. Ojú 6.8 íǹṣì, àtàǹpàkò kì í dé òkè rẹ̀. Òótọ́ ni pé One-handed mode wà nínú Settings, Advanced features: ẹ ó fa ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì kéré mọ́ igun kan. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹ ra ojú ńlá kí ẹ tún máa sọ ọ́ di kékeré?

Ihò kálàmù náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ó gba àyè nínú fóònù tó jẹ́ pé bátìrì ni ìbá wà níbẹ̀. Bátìrì 4500 mAh (ìwọ̀n iná tó lè gbà) ni Note 20 Ultra ní, 5000 ni S22 Ultra àti S23 Ultra. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tí kò ní kálàmù ní 5000 náà, kò sì ní ojú gbígbòòrò tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti bọ́. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ẹ ro ìyẹn. Ṣájà kò sí nínú páálí láti S21 wá. Bí ẹ bá fẹ́ kí S22 Ultra tàbí S23 Ultra yín gba iná kíákíá, ṣájà 45W nìkan kò tó, okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè gbé 5A. Okùn lásán, ó kàn máa rọra gbà á.

Káàdì mẹ́mórì ńkọ́? Nínú fóònù Samsung tó ní ihò kálàmù, Note 20 Ultra ni ó gbẹ̀yìn tó gba microSD. Láti S22 Ultra wá, ohun tí ẹ rà ni ẹ ní.

Ìyá Aránṣọ

Lórí sítáì yíyà. Bàbá, ẹ kú ìrònú ìyàwó o, àmọ́ ojú fóònù kò tó fún un. Ó tó fún ọrùn, ó tó fún apá, ó tó fún bí léèsì ṣe máa jókòó sí etí bùbá. Láti ya odidi ènìyàn kí ẹ sì kọ ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ó máa fà á tóbi, ẹ ó máa fà á kéré, títí ìlà yóò fi ṣì yín lọ́wọ́.

Ohun tí ó wúlò lórí rẹ̀ ni kíkọ sórí fọ́tò. Oníbàárà fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ẹ fa kálàmù yọ, ẹ yan Screen write, ojú fóònù á di àwòrán. Ẹ wá fi pupa yí apá ká, kí ẹ kọ "ẹ gé èyí dé ìgúnpá, íǹṣì 11", kí ẹ dá a padà fún un. Kò ní lè sọ lọ́la pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ yíyà ni ìyàwó yín fẹ́ ní tòótọ́, tábúlẹ́ẹ̀tì Galaxy Tab S6 Lite ni kí ẹ wá. Ojú rẹ̀ jẹ́ 10.4 íǹṣì, inú páálí rẹ̀ ni S Pen ti ń wá, kálàmù náà kò sì nílò ṣájà. Ẹ fi fóònù kékeré tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iPhone tàn yín pẹ̀lú Apple Pencil, kò sí iPhone kankan tó gbà á; iPad ni ó wà fún.

Ọmọ Houston

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi Moto G Stylus ránṣẹ́ sí yín láti Amẹ́ríkà: ti 2020 dé 2023, kálàmù inú wọn, bí ìka ni. Kò mọ líle, kò mọ rírọ̀, ọwọ́ tí ẹ bá gbé lé e á máa kọ tirẹ̀. Ó tó fún fífọwọ́ sí ìwé. Kí ẹ rí i dájú pé kò tì mọ́ nẹ́tíwọọ̀kì kan ṣoṣo.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni. Màmá, mo ti gba ọ̀rọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn. Fún èmi fúnra mi, ìpàdé ni ó jù. Yorùbá la fi ń ṣèpàdé, àmì orí ọ̀rọ̀ sì ń fìyà jẹ mí lórí bọ́tìnnì. Ẹ̀gbọ́n Atúnṣe, ṣé kálàmù á ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀? Bí ó bá sọnù ńkọ́?

Atúnṣe Ìkẹjà

Níbẹ̀ gan-an ni ó ti wúlò jù. Bí ojú fóònù bá ti kú, ẹ fa kálàmù yọ, kí ẹ máa kọ lórí dúdú náà láìṣí i: Screen off memo ni orúkọ rẹ̀, inú Settings, Advanced features, S Pen ni ẹ ti máa tàn án. Ẹ bá dá kálàmù padà sínú ihò, ó ti wà nínú Samsung Notes. Àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀, ọwọ́ yín ló ń fi wọ́n sí i, kò sí bọ́tìnnì láàrin. Ẹ fi í sílẹ̀ bí ìwé ọwọ́, kí ẹ sọ ọ́ di PDF kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá ní kí ó yí i sí ìwé títẹ̀, ẹ ka gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó pín in, kí "ọkọ̀" má lọ di "oko" nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. PDF tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín náà, ẹ tẹ Share, ẹ yan Samsung Notes, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ fi jáde bí PDF.

Ní ti kálàmù tó sọnù: nínú Settings kan náà ni ìkìlọ̀ wà tí yóò gbọ̀n bí ẹ bá ń rìn lọ tí kálàmù kò sí nínú ihò. Bí ó bá sọnù ná, èyí tí ẹ bá rà, ẹ gbé e sókè ojú fóònù láìkàn án. Bí àmì róbótó kékeré kò bá yọ lábẹ́ rẹ̀, ayédèrú olórí rọ́bà ni. Kálàmù mìíràn tó ń lo ọ̀nà kan náà, bí i Staedtler Noris Digital, á kọ̀wé, àmọ́ kò ní wọ ihò. Títẹ bọ́tìnnì kálàmù láti fi ya fọ́tò láti ọ̀nà jíjìn, Note 20 Ultra ní i, S22 Ultra dé S24 Ultra náà ní i. S25 Ultra ti yọ ọ́.

Ẹnu kálàmù máa ń jẹ. Bó bá ti pẹlẹbẹ, ẹ fi ẹ̀mú kékeré fà á jáde tààrà, kí ẹ ti tuntun bọ̀ ọ́. Kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ló ń họ ojú fóònù bí kò ṣe iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà nígbà ọyẹ́ ẹ nu méjèèjì kí ẹ tó kọ̀wé. Ike rírọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ máa ń lápá ibi tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ le. Bí gíláàsì ni ẹ fẹ́, kí ẹni tó ń fi gọ́ọ̀mù olómi lẹ̀ ẹ́ dí ihò sípíkà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú mẹ́ta tí ẹ dárúkọ, S23 Ultra ni kí ẹ mú bí owó bá ká a. Bí káàdì mẹ́mórì bá ṣe pàtàkì sí yín, Note 20 Ultra. Ẹ kàn rí i pé ẹ yí etí rẹ̀ po pẹ̀lú kálàmù kí ẹ tó ka owó.