Ìwé tí Aldo Moro kọ ní àhámọ́: ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ àròkọ lórí àwọn Red Brigades, ẹgbẹ́ òṣèlú apá òsì tó ń gbé ìbọn jà nílẹ̀ Ítálì, mo sì ti há síbì kan. Odindi ọjọ́ 55 ni wọ́n fi ti Aldo Moro, olórí ìjọba Ítálì tẹ́lẹ̀ rí, mọ́lé ní 1978, tó ń kọ̀wé ṣáá, kí wọ́n tó yìnbọn pa á, tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ sí búùtù Renault pupa kan. Ó dùn mí wọra.

Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn agbófinró rí ẹ̀dà àfẹ̀rọtẹ̀ ohun tí Moro kọ nínú ilé kan ní Milan. Ní 1990, òṣìṣẹ́ tó ń tún ilé yẹn ṣe bá fọ́tòkọ́pì ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Mo ti fi fóònù túmọ̀ wọn, kò yé mi.

Ọ̀rọ̀ wo gan-an ló wà nínú ti 1990 tí kò sí nínú ti 1978?