Iná mẹ́rin ń tàn pọ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọkọ̀ dáadáa, ẹ gbà mí. Bí mo bá ti ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n láti Ìta Awúrẹ́, pàápàá tí òjò bá ń rọ̀, iná ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ há téèyàn bá tẹ bíréèkì), ti bíréèkì, ti traction (èyí tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yọ̀) àti check engine á tàn lẹ́ẹ̀kan náà, sítíárìn á sì le bí igi. Tí mo bá pa ọkọ̀, tí mo tún un tan, gbogbo ẹ̀ á lọ. Ọkọ̀ 2012 ni, ọ́tò.

Ríwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) kan l'Ádó fi skáànà wò ó, kóòdù U0121 ló gbé jáde: kọ̀ǹpútà ABS kò bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní kí n ra òmíràn. Owó gọbọi! N ò tíì gbà, torí ohun tó bàjẹ́ pátápátá kì í dédé sàn. Bátìrì tuntun ni mo fi sí i: fóòtì 12.6 tí ẹ́ńjìnnì bá kú, 14.1 tó bá ń ṣiṣẹ́. A ti yẹ fíúsì àti sẹ́ńsọ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, kò sí nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó náwó: wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tó so mọ́ irin ara ọkọ̀) wo tàbí oríta wáyà wo lomi máa ń wọ̀ tó fi ń ṣe báyìí, báwo ni mo sì ṣe lè fi mítà dán an wò?