Ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró: àwòrán wo ló yẹ ká kọ́kọ́ yà?

Dókítà Ọ̀mù-Àrán:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Abiyamọ ẹni ọdún 34 ni, ọjọ́ 9 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbímọ. Èémí kò délẹ̀, ọkàn ń lù ní ìgbà 118 ní ìṣẹ́jú kan, ọ́síjìn 91%, ìfúnpá 108/70. Ẹsẹ̀ òsì wú, ó sì ń dùn ún bí a bá tẹ̀ ẹ́. X-ray àyà mọ́. A ní ultrasound níbí. Ẹ̀rọ àwòrán CT di Ìlọrin. Ṣé ká ṣe D-dimer (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá àmì ẹ̀jẹ̀ dídì) ná, àbí ká gbé e lọ tààrà?

Onítọ̀ọ́jú Àyà:
Ẹ má náwó sí D-dimer. Ẹ ka Wells rẹ̀, ìyẹn máàkì tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ dídì ṣe ṣeé ṣe tó: ẹsẹ̀ tó wú, 3, ọkàn tó ju 100 lọ 1.5, iṣẹ́ abẹ láàárín ọ̀sẹ̀ 4, 1.5. Ó di 6, ó ti kọjá 4, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Ìbímọ àti iṣẹ́ abẹ nìkan tó láti gbé D-dimer sókè. X-ray tó mọ́ kò sì lé ẹ̀jẹ̀ dídì lọ.

Ultrasound ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe, lónìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gbòǹgbò itan dé ẹ̀yìn orúnkún, kẹ́ ẹ máa fi orí ẹ̀rọ tẹ iṣan náà díẹ̀díẹ̀. Iṣan tó dá ṣáṣá á pẹlẹbẹ. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ dì sí kò ní tẹ̀. Bí kò bá tẹ̀, pẹ̀lú irú èémí yìí, ẹ ti rí ìdáhùn, torí ìtọ́jú kan náà ni. Bí ẹsẹ̀ bá mọ́, ẹ má fọkàn balẹ̀ o: ẹ̀jẹ̀ náà lè ti já gòkè tán. CTPA (CT tó ń fi oògùn àwòrán wo iṣan ẹ̀dọ̀fóró) di dandan nìyẹn.

Ẹ má dúró de àwòrán kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ enoxaparin (abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), 1 mg fún kílò kan ní wákàtí 12-12, bí kò bá ti sí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà.

Ayàwòrán Ìlọrin:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ "CTPA" sórí ìwé gbangba. Bí ẹ bá kọ CT àyà lásán, wọ́n lè yà á nígbà tí oògùn àwòrán ti kọjá iṣan ẹ̀dọ̀fóró, asán ni ìrìnàjò yẹn. Ẹ ti fi kánúlà aláwọ̀ ewé, 18G, sí kọ́lọ́fín ìgbọ̀nwọ́ kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Mílílítà 4 sí 5 ni ẹ̀rọ ń tì wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ lè bẹ́.

Kó má mí kanlẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Mímí kanlẹ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀ tí kò ní oògùn láti ikùn wọnú ọkàn, àwòrán á dúdú níbi tí kò yẹ, ẹni tó ń kà á lè pè é ní ẹ̀jẹ̀ dídì. Kó kàn dá èémí dúró níbi tó bá a. Ó lè fọ́mọ lọ́mú lẹ́yìn rẹ̀.

Dókítà Ọ̀mù-Àrán:
Ẹ ṣeun gan-an. Bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa ńkọ́?

Onítọ̀ọ́jú Àyà:
Bí eGFR (iye tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó) bá wà lábẹ́ 30, ẹ dín enoxaparin kù sí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. X-ray rẹ̀ tó mọ́ á jẹ́ kí V/Q (àwòrán tó ń wo bí atẹ́gùn àti ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé inú ẹ̀dọ̀fóró) ṣeé kà dípò CTPA, ṣùgbọ́n UCH Ìbàdàn nìyẹn, ọ̀nà jìn. Ẹsẹ̀ ni mo ṣì ń wò ná. Bí ìfúnpá ti òkè bá já sí abẹ́ 90, ẹ má gbé e sọ́kọ̀ rárá: ẹ fi ultrasound wo ọkàn lórí bẹ́ẹ̀dì, bóyá apá ọ̀tún ti wú ju apá òsì lọ, kẹ́ ẹ pè wá kíá.